Fíláàṣì mi kí o tó ṣáná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Bí ìwé ìròyìn yín bá ti jáde, ọwọ́ fẹ́ńdọ̀ tó máa ń dúró sí ìkóríta wa ni mo ti ń rà á kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi wá bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní aláìnítìjú ni gbogbo amusìgá, pé bí a bá ń dójú tì wọ́n dáadáa láàárín ìlú, wọn á jáwọ́. Ó ní òun ò rí ohun tó le nínú kí ènìyàn kàn sọ pé òun ò ṣe mọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e fún ìyàwó mi. Òun náà kà á tán, ó ní, "Ẹni yìí ò tíì bá amusìgá gbé rí."

Télọ̀ ni mí. Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọdún 33 ni mo fi mu sìgá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2022, ni mo mu èyí tó gbẹ̀yìn, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ìtìjú tí ẹni yẹn ń sọ, mo ní in débi pé mo lè pín in fún àdúgbò kó sì kù. Òun gan-an ló gbé mi dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀.

Ọ̀gá mi ló rán mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1989 ni, ọmọ ọdún 16 ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́. Bí ọ̀gá bá wà lórí mọ́ṣíìnì, á ní kí n lọ ra ẹyọ kan wá, kí n sì bá òun tan án lọ́dọ̀ ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì, nítorí ọ̀gá kì í fẹ́ fi owó ra ìṣáná. Ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì sí ṣọ́ọ̀bù wa jìnnà díẹ̀. Bí ènìyàn ò bá máa fà á bọ̀ lójú ọ̀nà, iná rẹ̀ á kú, bó bá sì kú, ìfọ́tí ló kàn. Mo ń fà á bọ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣe fírídọ̀mù ní 1993, mo ti ń ra tèmi.

Mo gbìyànjú láti jáwọ́ kó tó di 2022. Ní 2009, obìnrin kan kó léèsì funfun wá, ó fẹ́ fi sin ìyá rẹ̀. Sìgá wà lẹ́nu mi, mo ń gé aṣọ lọ, eérú já bọ́, ó lu ihò tó tó bọ́tìnì sí ibi àyà gan-an. Mo ra léèsì mìíràn dípò rẹ̀, owó tí mo pa fún oṣù méjì ló bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìbànújẹ́ yẹn fi dá mi dúró. Lọ́jọ́ kẹwàá mo padà sídìí ẹ̀.

Ní 2015 mo gun orí òkè àdúrà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́ta pé, n kò mu ún, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu, nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀ òkè mo ti rà. N kò bá ẹ̀sìn jà o. Ó di ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣe ìṣirò ọjọ́ náà lódì. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye, nígbà tí ikọ́ gbé mi dé ilé ìwòsàn níparí 2021. Ó ní ohun tó ń di ènìyàn mú nínú tábà ń jẹ́ nikotíìnì, pé láti ìgbà tí èéfín bá ti wọ àyà, kì í pé ìdajì ìṣẹ́jú tó fi ń dé ọpọlọ. Ọpọlọ á mọ̀ ọ́n bí ọmọ ọwọ́ ṣe mọ ọmú. Bí kò bá rí i, ìbínú á dé, oorun á dá, ọkàn ò ní gbé síbì kan, ebi á máa pa ènìyàn ṣáá. Ó ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn ìyẹn á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá sì kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ. Ọjọ́ kẹta! Ọjọ́ tí ara ń béèrè rẹ̀ jù gan-an ni èmi sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín àwọn tó ń tà á.

Nọ́ọ̀sì yìí sọ nǹkan méjì mìíràn. Ó ní bí ìfẹ́ sìgá bá dìde sí ènìyàn lójijì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, yálà o mu ún, yálà o kò mu ún, á lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ kọ ìyẹn sí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó tún ní nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá dá gbìyànjú láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, àwọn tí ọdún á yí po bá láìmu ún kò pé mẹ́wàá. Ẹ bá mi bi ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, Olóòtú: àádọ́rùn-ún ènìyàn tó kù, ṣé aláìnítìjú ni gbogbo wọn?

Nọ́ọ̀sì náà dárúkọ ṣingọ́ọ̀mù kan fún mi, tí wọ́n fi nikotíìnì díẹ̀ sí, tí àwọn kan fi ń jáwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé oògùn mẹ́ta ni mo wọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan fún mi ní ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní yẹn, Bàbá Tíṣà wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Oníbàárà mi àtijọ́ ni Bàbá, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìntì. Mo ń húkọ́, wọ́n dúró wò mí, wọ́n ní kí n máa húkọ́ lọ, àwọn mọ orin náà. Mi ò mọ̀ rí pé Bàbá mu sìgá lọ́jọ́ ayé wọn. Wọ́n ní ó ti di ọdún mọ́kànlá tí àwọn ti jáwọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ yan ọjọ́ kan. Bọ́jọ́ náà bá dé, bó bá ti ń wù ọ́, fíláàṣì mi kí o tó ṣáná. Má sọ nǹkan kan, má jẹ owó fóònù rẹ. Èmi á pè ọ́ padà."

Mo ní, "Kí la ó máa sọ, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Ohunkóhun tí kì í ṣe sìgá."

Lọ́jọ́ Ajé yẹn mo fíláàṣì wọn nígbà 14. Wọ́n pè mí padà nígbà 14. Nígbà kan wọ́n ń ráhùn nípa owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà kan wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Lálẹ́, nígbà tó le jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ìlú láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tíṣà rí àti irú ọmọ tó wà níbẹ̀: Ògbèsè, Ùṣò, Èmùrè-Ilé. Kí Bàbá tó dé Ọ̀wọ̀, ohun tó ń ṣe mí ti lọ.

Ọjọ́ kẹta, mo ju àlùmọ́gàjí mọ́ ògiri nítorí pé ọmọ iṣẹ́ mi bi mí léèrè ibi tí téèpù wà. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, n kò sì bá a wí. Ikọ́ náà tilẹ̀ kọ́kọ́ le sí i kó tó rọ̀, èyí tó dẹ́rù bà mí títí nọ́ọ̀sì fi ní àyà ló ń gbálẹ̀ ara rẹ̀. Orógbó ni mo ń jẹ nígbà gbogbo kí ẹnu má baà ṣófo. Oògùn kọ́ o, ẹ má gbé mi ka ibi tí n kò sọ. Ẹnu ló ń wá iṣẹ́ ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò láàárín èmi àti Bàbá Tíṣà nìkan nìyí: fọkanáísà tó wà lódìkejì títì gbọ́ tí fóònù mi ń dún lemọ́lemọ́, ó wá béèrè bóyá àwọn olówó èlé ló ń pè mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́, ó ní kí n fún òun náà ní nọ́ńbà Bàbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ní alaalẹ́ Àbámẹ́ta, láago mẹ́fà, a máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí owó ẹgbẹ́, kò sí aṣọ ẹgbẹ́ (èmi télọ̀ ni mo sì sọ bẹ́ẹ̀). Olúkúlùkù á sọ ọjọ́ tó ti lò, bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, bó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ó kí i. Lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Fọkanáísà ló dábàá kóló. Lọ́jọ́ wọnnì ẹyọ kan jẹ́ 50 náírà lọ́wọ́ oníkíósì wa, ẹyọ 15 ni mo ń mu lójúmọ́, ìyẹn 750 náírà. Mo ń jù ú sínú kóló. Nígbà tí a fọ́ ọ nípárí ọdún, ó yẹ kó lé ní 260,000. Ohun tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ 187,400, nítorí owó ilé ìwé ti mú mi ki igi bọ inú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ mo fi í ra ẹ̀rọ tí a fi ń dí etí aṣọ, àlòkù. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹni karùn-ún wa kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì rí. Obìnrin ni, ọjà ló ń tà ní Ọjà Ọba. Ọkùnrin tó bá ń mu sìgá, wọ́n á ní ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó bá ń mu ún, orúkọ tí wọ́n á pè é, ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ní kọ̀rọ̀, ìyàwó mi sì ni ó sọ ọ́ fún. Títí dòní Dẹ́rẹ́bà àti Fọkanáísà ò mọ ojú rẹ̀. Ohùn ni wọ́n mọ̀, Ìyá Orí Fóònù ni wọ́n ń pè é. Mo sì ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí.

Òun ló yọ mí ní Ìdànrè. Oṣù kẹjọ tí mo ti jáwọ́ ni, mo lọ síbi òkú àgbà kan. Ẹni tó bá mọ ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ àsun wa. Àsun tó ta bí iná wà níwájú mi, bíà tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí a jọ ń mu sìgá láti ìgbà tí a wà ní ọ̀dọ́ yí mi ká, ọ̀kan sì ti na páálí sí mi. Mo ti rò pé ó ti tán lára mi. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, mo fíláàṣì Bàbá Tíṣà, bátìrì wọn ti kú. Mo fíláàṣì Fọkanáísà, kò rí i. Mo bá pe obìnrin yìí tààrà.

Ó ní, "Ibo lẹ wà?"

Mo ní ibi ìnáwó ni.

Ó ní, "Ẹ wo ibi tí ìyá ọlọ́mọ bá wà níbẹ̀, ẹ lọ bá a gbọ́mọ."

Mo ní, "Kí ni ti ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Ó ní, "Ẹ lọ gbé e ná."

Mo gbé ọmọ ọlọ́mọ títí ìyá rẹ̀ fi jẹun, tó jó, tó tún lọ gba ike tí wọ́n ń pín. Ọmọ ń dá ọwọ́ bo ojú mi, ta ni yóò na sìgá sí ọkùnrin tó gbọ́mọ dání? Ó tọ̀ sára agbádá tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa gbà á, ó ń dúpẹ́, ó ń tún dúpẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló gbé mi.

Ní ti Dẹ́rẹ́bà, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà ẹni yẹn dùn mí bẹ́ẹ̀. Ó ti lo oṣù márùn-ún láìmu ún. Lọ́jọ́ kan mọ́tò rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, èrò ń bú u, mẹkáníìkì ò tètè dé, ẹnì kan bá na ẹyọ kan sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú kó tó di páálí. Bí a ò ṣe rí i mọ́ nìyẹn. Àbámẹ́ta kan, méjì, mẹ́ta. A pè é, kò gbé e. Bó bá ní nǹkan í ṣe ní Òkè-Àró, ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kó má baà kọjá níwájú mi. Ìtìjú tí wọ́n ní ó ń wo amusìgá sàn ló ń ṣe é yẹn o, Olóòtú, ó ń ṣe é dáadáa, páálí sìgá sì wà lápò rẹ̀.

Fọkanáísà ló lọ bá a ní gáréèjì. Ó mú ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà dání. Kò kí i kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó lóṣòó ti táyà iwájú, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tọwọ́ òsì yìí ti rọ̀ o." Ó lọ sí tẹ̀yìn. Ó wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní Àbámẹ́ta Dẹ́rẹ́bà dé, aago mẹ́fà ti kọjá díẹ̀, ó dúró lókèèrè bí ẹni tó wá gba aṣọ tí kò tíì sanwó rẹ̀. Bàbá Tíṣà sún, wọ́n fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kàn án láti sọ iye ọjọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀kan." A kí i. Lónìí ó ti lé ní ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí mo ń sọ yìí, mo fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà, ti 2015, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ máa tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ; ohun tó wà nínú páálí kan kò gbọdọ̀ dín ní ẹyọ 20. Ẹ wá wo ìkóríta wa. Kíósì ti so láítà mọ́ okùn, wọ́n fi kọ́ sára páálí kí oníbàárà lè tan án níbẹ̀, kó máa lọ. Àwọn tó ń rà á lẹ́yọ kì í ṣe tálákà nìkan. Àwa tí a ti jáwọ́ ni. Kò sí ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà láìmu ún tó máa jí lọ́jọ́ kan kó ra odindi páálí. Ẹyọ kan ló máa ń sọ pé òun fẹ́. Ẹ fi ìbéèrè yẹn síwájú àwọn aláṣẹ fún wa dípò kí ẹ máa tẹ ìwàásù. Ìwàásù ti wà lára páálí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń mu ún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé amusìgá lè kú ní rèwerèwe. Mo ti ka ìyẹn ju bí mo ṣe ka Sáàmù lọ, mo sì ń kà á lọ́wọ́ ni mo ń yọ òmíràn.

Tí ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún tún bá dé, ọjọ́ tí àjọ ìlera àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ tábà, ẹ má fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró dúdú ṣe ojú ìwé yín. Ẹ wá ẹni tó ti jáwọ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í bóyá á lè máa gbé fóònù ẹnì kan. Ẹnì kan péré. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé bí ọdún kan bá pé láìmu sìgá, ewu àrùn ọkàn á ti dín sí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Ọdún kan yẹn jìn lójú ẹni tó wà ní ọjọ́ kejì. Fóònù tó máa dún padà kò jìn.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní bí n kò bá sọ ọ́, kí n fa lẹ́tà náà ya. Mo gba ọmọ iṣẹ́ kan ní 2012, ọmọ ọdún 14. Èmi náà rán an. Mo ń rán an ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì, kó sì bá mi tan án bọ̀. Mi ò ní kó fà á rí. Mi ò tilẹ̀ bi ara mi léèrè bó ṣe ń gbé iná náà dé láìkú, èmi tí wọ́n ti rán bẹ́ẹ̀ rí! Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Oǹdó báyìí. Bó bá kan ti agbádá, ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Páálí kan lójúmọ́.

Mo wọ mọ́tò Dẹ́rẹ́bà lọ bá a ní oṣù tó kọjá. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ méjì ni mo kọ́ ọ, èyí tí bàbá rẹ̀ sanwó fún àti èyí tí kò sanwó fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́ o, ayé ni." Ó sáré lọ ra mínírà fún mi. Mo fún un ní nọ́ńbà àwa márààrún, mo ṣàlàyé fíláàṣì fún un, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù níṣojú mi. Kò tíì fíláàṣì ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo ń gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ tó sì fẹ́, bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun, kó bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá wọn aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí. Wọ́n ti mú iná dé, mo sì ní ṣòkòtò mẹ́ta láti lọ̀ kí wọ́n tó tún mú un lọ.

Èmi ni,
Télọ̀ kan ní Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.